Dídágbére fún Ọmọdé

Bí ènìyàn bá jí ní kùtùkùtù ọjọ́ ọjà ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú wa, tí ó sì fetí sí ohun tí ń lọ nínú agbo ilé, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ igbe ọmọdé kan tí ń bèèrè ìyá rẹ̀. Ìyá ti lọ. Láti alẹ́ àná ni ó ti gbé bàtà àti ẹrù ọjà rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé náà ni ó ti lọ wé gèlè ní ìdájí. Ó sì ti bẹ ọmọbìnrin kan nínú ilé pé kí ó fi àkàrà tan ọmọ náà lọ wo òròmọdìẹ, kí òun lè ráyè yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde. Nígbà tí ọmọ jẹ àkàrà tán tí ó padà wọ yàrá, ẹní lásán ni ó bá nílẹ̀. Àwọn ará ilé a sì rẹ́rìn-ín, wọn a ní: "Ọmọdé ni, kò ní pẹ́ gbàgbé."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ pé "kò ní pẹ́ gbàgbé" yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Mo lò ju 30 ọdún lọ nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo sì fi púpọ̀ nínú ọdún náà ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá kọ́ mi ní ohun kan nípa ọmọdé, òun ni pé ọmọdé kì í tètè gbàgbé. Dídákẹ́ ni ó máa ń dákẹ́. Àwa àgbà a sì máa ka ìdákẹ́ sí ìgbàgbé nítorí pé ó rọ̀ wá lọ́rùn. Ó lè yà yín lẹ́nu pé mo ń bá yín sọ ọ̀rọ̀ òbí nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín ṣì wà lábẹ́ òbí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú yín ni ó ní àbúrò nílé, ẹ̀yin gan-an ni a sì máa ń fún ní àkàrà kí ẹ fi tan ọmọ.

N kò bá ìyá tí ń lọ sí ọjà wí. Bí kò bá lọ, kí ni ọmọ yóò jẹ? Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé kí òbí máa gbé ọmọ kọ́rùn ní gbogbo ìgbà, nítorí àkẹ́bàjẹ́ kò ṣe ọmọ ní oore. Ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: bí òbí bá ń lọ, kí ó jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé òun ń lọ, kí ó sọ ìgbà tí òun yóò dé bí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó sì dágbére. Ó dàbí ohun kékeré. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí yóò mọ̀ pé kò kéré rárá, nítorí ọmọ yóò ké, yóò di aṣọ mú, yóò yí gbirigbiri nílẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa fọn fèrè lóde. Ó rọrùn jù láti yọ́ lọ. Ẹni tí ó yọ́ lọ kò gbọ́ ẹkún náà. Ọmọ nìkan ni ó kù tí ń dá a sun.

Èdè wa ti sọ ọ̀rọ̀ yìí kí n tó sọ ọ́. Ẹ wo ohun tí Yorùbá ń wí nígbà tí wọ́n bá ń pínyà: "Ó dàbọ̀," èyíinì ni pé ó di àbọ̀. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ ni, a ó ní "Ó dàárọ̀", bí a bá tún máa ríra lọ́la, "Ó dọ̀la", bí a kò bá mọ ọjọ́, "Ó dìgbà." Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dárúkọ lílọ. Àtiríra ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹni tí ó bá wí fún ọmọ rẹ̀ pé "ó dàbọ̀" ti ṣe ìlérí pé òun ń bọ̀, ọmọ náà sì ní ohun tí ọkàn rẹ̀ yóò dì mú títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó yọ́ lọ kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún un.

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ bí ó ti máa ń rí kí ẹni tí a fẹ́ràn lọ láìdágbére. Ẹ kíyè sí orúkọ tí wọ́n máa ń sọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní àbíkú: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó. Lónìí a mọ̀ pé ibà àti àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tí ó ń pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àrùn kọ́ ni mo ń sọ níhìn-ín. Mo ń wí pé nínú orúkọ wọ̀nyí, òbí ni ó ń bẹ ọmọ: jọ̀wọ́ má lọ mọ́, bá mi jókòó. Bí àgbàlagbà tí ó ní ọgbọ́n, tí ó ní ará àti ọ̀rẹ́, bá lè bẹ̀bẹ̀ báyìí nítorí pé a fi í sílẹ̀, kí ni kí ọmọ ọdún 2 ṣe, ẹni tí gbogbo ayé rẹ̀ kò ju ìyá kan lọ?

Ọkùnrin kan wà, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ James Robertson. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Anna Freud dá ilé ìtọ́jú ọmọdé kan sílẹ̀ ní Hampstead ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ọmọ tí ogun ti tú ilé wọn ká. Ibẹ̀ ni Robertson ti gba iṣẹ́. Kò jẹ́ olùkọ́, kò jẹ́ dókítà. Ìdáná tí ń mú ilé móoru àti àtúnṣe ilé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyáàfin náà ní òfin kan tí ó wù mí púpọ̀, pé gbogbo ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà, títí kan ẹni tí ń dáná, gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tí ó bá rí lára àwọn ọmọ sílẹ̀. (Mo gbà pé bí a bá ní kí àwọn tí ń gbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, a ó kọ́ ohun púpọ̀ tí kò sí nínú ìwé olùkọ́.) Báyìí ni Robertson ṣe kọ́ bí a ti ń wo ọmọdé. Ní 1948 ó lọ bá Dókítà John Bowlby ṣiṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àwọn ilé ìwòsàn láti wo àwọn ọmọ tí a dá dùbúlẹ̀ níbẹ̀.

Ní àkókò náà, púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí òbí máa wá wo ọmọ. Ibòmíràn gbà wọ́n láàyè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ibòmíràn kò gbà rárá. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé bí ìyá bá dé, ọmọ a bẹ̀rẹ̀ ẹkún, ṣùgbọ́n bí ìyá kò bá wá, ara ọmọ a rọlẹ̀. Robertson wò ó fínnífínní. Ó rí i pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ a máa ké, a máa jà, a máa wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí a rẹ̀ ẹ́, a dákẹ́, a kàn jókòó gẹlẹtẹ. Nígbà tí ó bá ṣe, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí àwọn nọ́ọ̀sì, wọn a sì ní ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìyá bá wá mú un lọ sílé, ọmọ náà a gbé ojú kúrò lára rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Ìyẹn ni ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ìgbàgbé.

Nígbà tí àwọn dókítà kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ó gbé ẹ̀rọ sinimá, ó ya àwòrán ọmọbìnrin ọdún 2 kan tí ń jẹ́ Laura, tí ó lo ọjọ́ 8 ní ilé ìwòsàn nítorí iṣẹ́ abẹ kékeré kan. Ní 1952 ó fi àwòrán náà hàn àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, inú sì bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ké. Ó ń pa á mọ́ra, ó ń bèèrè ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ sì ń yípadà lójoojúmọ́. Ní 1959, ìgbìmọ̀ tí Sir Harry Platt ṣe alága rẹ̀ dá ìjọba nímọ̀ràn pé kí a ṣí ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún àwọn òbí láti máa wo ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yípadà díẹ̀díẹ̀.

Nínú èyí, ilé wa kò rẹ̀yìn. Lọ́dọ̀ wa, ìyá ni ó sábà máa ń sùn ti ọmọ ní ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ lórí ẹní nílẹ̀. Ní Arò ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò ti ń ní kí àwọn aláìsàn ọpọlọ wá pẹ̀lú ará ilé wọn kan, kí wọ́n sì máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí nígbà tí a bá ń tọ́jú wọn. Àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ ó mọ̀ pé ara wọn yóò tètè balẹ̀ bí ojú tí wọ́n mọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Obìnrin onímọ̀ kan, Mary Ainsworth, lọ sí àwọn abúlé tí ó wà lẹ́bàá Kàǹpálà ní Ùgáńdà ní 1954 àti 1955, ó ń bẹ ìyá 26 wò nílé wọn. Ohun tí ó rí yóò yé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti sin adìẹ rí. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ìyá rẹ̀ ni ó máa ń rìn jìnnà sí i láti lọ ṣeré. A lọ, a wẹ̀yìn, a tún lọ. Ọmọ tí kò dá lójú pé ìyá yóò dúró ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà ìyá tí ń yọ́ lọ kí ọmọ má baà lẹ̀ mọ́ òun, òun gan-an ni ó ń kọ́ ọmọ ní lílẹ̀. Ẹ óò rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dá lọ sí balùwẹ̀.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní 1955, àwọn olùkọ́ tí ó ṣáájú wa máa ń ní kí ọmọ tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí gbé ọwọ́ kọjá orí kan etí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tó ilé-ẹ̀kọ́ í lọ. Ọwọ́ púpọ̀ kan etí tí ọkàn kò tíì tó o. Nígbà tí ó kàn mí láti darí ilé-ẹ̀kọ́, mo fi òfin kan lélẹ̀ fún ọjọ́ ìwọlé àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní: kí òbí mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kí ó fi olùkọ́ hàn án, kí ó wí fún un pé òun yóò wá mú un nígbà tí agogo bá lù, kí ó dágbére, kí ó sì lọ, bí agogo bá sì lù, kí ó wà níbẹ̀. Àwọn kan bínú. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sá lọ nígbà tí kò bá wò mí." Òótọ́ ni pé kíláàsì máa ń dàrú fún nǹkan bí wákàtí kan, tí olùkọ́ a sì máa làágùn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tí a dágbére fún ti ń kọ̀wé. Àwọn tí òbí wọn rú òfin tí wọ́n sì sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ṣì ń wo ojú fèrèsé. Bí a bá tún fún yín ní àkàrà kí ẹ fi tan àbúrò yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ ìyá yín kí ó kọ́kọ́ pe ọmọ náà kí ó bá a sọ̀rọ̀. Yóò ké. Ẹ gbé e, ẹ jẹ́ kí ó ké tán, kí ẹ tó fún un ní àkàrà.

Ìpínyà ọjọ́ kan ni ìyẹn. Àwọn ọmọ kan wà tí tiwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí 1955 ni àwọn ènìyàn wa tí wọ́n lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ wọn sọ́wọ́ alágbàtọ́ aláwọ̀ funfun, tí wọ́n sì ń san owó fún un ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Nursery World ni wọ́n ti sábà máa ń polówó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó gba ọ̀nà yìí kọjá. Ẹ má ṣe yára dá àwọn òbí náà lẹ́bi. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, òru ni wọ́n ń kàwé; yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, onílé púpọ̀ kò sì fẹ́ ènìyàn dúdú, kò fẹ́ ọmọ. Kò sí ìyá àgbà tí yóò gba ọmọ pọ̀n. Yàtọ̀ sí èyí, ní ilẹ̀ wa kò burú kí ọmọ dàgbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn; ta ni nínú wa tí kò mọ ẹni tí ó dàgbà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ tíṣà? Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ọmọ ẹni tí ọmọ náà í ṣe. Wọ́n ń ki oríkì rẹ̀ fún un ní òwúrọ̀, wọ́n ń dárúkọ bàbá rẹ̀ sí i létí. Ní ilé àwọn alágbàtọ́ wọ̀nyí, ta ni yóò kì í?

Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí òkìkí rẹ̀ kàn, wà lára wọn. A bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, fi í sọ́dọ̀ tọkọtìyàwó kan ní Tilbury. Nígbà tí ó di ọmọdé tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà. Kò gbọ́ èdè, ohun gbogbo ṣàjèjì sí i, wọ́n sì tún dá a padà. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ìta aláwọ̀ funfun tí wọ́n kórìíra ènìyàn dúdú. Lẹ́yìn náà ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin, ó di òṣèré, ó sì fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù kan tí ó pè ní Farming ní 2018. Bí ọmọ dúdú ṣe lè lọ wá ẹgbẹ́ láàárín àwọn tí ó kórìíra àwọ̀ rẹ̀ kò yẹ kí ó ṣòro láti yé wa: ọmọ tí kò mọ ẹni tí ó ni òun yóò wá ẹni tí yóò ni òun, ibi yòówù kí ó ti rí i.

Èyí tí ó le jù nínú gbogbo ìpínyà ni ikú, nípa rẹ̀ náà sì ni a ti ń purọ́ fún ọmọdé jù. A ní ọ̀rọ̀ tí ó dára púpọ̀ tí a fi ń bo ikú láàárín àgbà: a ní ó papòdà, a ní ó ti sùn, a ní ó wàjà bí ó bá jẹ́ ọba. Àgbà mọ ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ náà. Ọmọdé kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá wí fún un pé ìyá rẹ̀ rìnrìn-àjò, ohun tí ó gbọ́ ni pé ìyá rìnrìn-àjò, ẹni tí ó rìnrìn-àjò yóò sì bọ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣe ọ̀gá, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin tí ìyá rẹ̀ kú níbi ìbímọ. Àwọn ẹbí ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ lọ ra ọjà ní Èkó, yóò sì ra bàtà bọ̀ fún un. Ní ọ̀sán gbogbo, bí a bá ti jáde, ọmọ náà a lọ dúró sí ibùdókọ̀, a máa wo ojú àwọn obìnrin tí ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Èkó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù méjì. Iṣẹ́ ìwé rẹ̀ bàjẹ́. Ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, olùkọ́ rẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ níyà nítorí ìjà náà, láìmọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé ìyá rẹ̀ ti kú, òun sì ń jà kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọ̀nà Èkó ti bàjẹ́ ni?"

Mo ní kí ó jókòó, mo fún un ní omi, nítorí ẹnu àwọn tí ó ni í ni ó yẹ kí ìdáhùn náà ti jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo gba ilé wọn lọ. Bàbá rẹ̀ jókòó láìsọ̀rọ̀. Bàbá àgbà, ẹni tí ó bí bàbá rẹ̀, ni ó dá mi lóhùn: "Tíṣà, ẹ̀rù ni ó ń bà wá. Bí a bá sọ fún un, tí ìbànújẹ́ sì gbé e ṣánlẹ̀ ńkọ́?" Mo ní: "Bàbá, ìbànújẹ́ náà ti wà lórí rẹ̀. Òun nìkan ni ó ń rù ú, nítorí pé gbogbo ilé ń ṣe bí ẹni pé kò sí ẹrù." Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pe ọmọ náà, ó fà á mọ́ra sí àárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó wí fún un pé: "Ìyá rẹ kú. Kò lọ sí Èkó. Ó fẹ́ bí àbúrò rẹ ni, ẹ̀jẹ̀ sì dà púpọ̀ lára rẹ̀, àwọn dókítà kò lè dá a dúró. Kò ní lè padà wá mọ́." Ọmọ náà bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò retí. Ó ní: "Ṣé nítorí pé n kò bá wọn pọn omi ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni?"

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí. Ọmọdé a máa wá okùnfà ohun gbogbo sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Bí bàbá àti ìyá bá ń jà, a rò pé òun ni ó fà á. Bí ẹnì kan bá lọ tí kò bọ̀, a ronú padà sí ìwà tí òun hù ní ọjọ́ tí onítọ̀hún lọ. Oṣù méjì ni ọmọ yìí fi gbé ọ̀rọ̀ omi náà kiri nínú ọkàn rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́ kúrò nínú ẹ̀bi ikú tí gbogbo ilé ní kò ṣẹlẹ̀.

Bàbá àgbà ní: "Rárá o. Omi kọ́. Kò sí ohun tí o ṣe." Ó tún un sọ títí ọmọ náà fi gbọ́ ọ. Ọmọ náà ké títí ilẹ̀ fi ṣú, bàbá rẹ̀ tí ó ti gbójú gbẹ láti ọjọ́ ìsìnkú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sunkún. Ní ọjọ́ Sátidé ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ó mú un lọ wo sàréè. N kò sọ fún yín pé inú ọmọ náà dùn lẹ́yìn èyí. Ó pẹ́ kí ó tó rẹ́rìn-ín, bí oorun bá sì gbé e lórí tábìlì, a kì í jí i. Ṣùgbọ́n kò lọ sí ibùdókọ̀ mọ́, ìjà sì tán.

Ní àsìkò yìí, ìpínyà tí àwọn olùkọ́ ń rí jù ni ti àwọn òbí tí ń lọ sí òkè òkun, tí wọ́n ń fi ọmọ sílẹ̀ pé àwọn yóò ránṣẹ́ sí i. Mo mọ ìyá àgbà kan tí ń tọ́ ọmọ ọdún 6 tí ìyá rẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá ọmọ náà ti pète láti yọ́ lọ lóru, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò gbà. Ó ní kí ó jí ọmọ, kí ó gbé e lé ẹsẹ̀, kí ó sọ ibi tí òun ń lọ àti ìdí rẹ̀ fún un, kí ó má sì ṣèlérí ọjọ́ àbọ̀ tí kò dá a lójú. Ohun tí ó dá a lójú ni pé òun yóò máa pè ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri yàrá ìyá àgbà. Ọmọ náà ni ó ń fa ìlà sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kọjá.

Ní Àìkú kan, fóònù kò dún. Àwọn ará ilé fẹ́ wí fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ pè nígbà tí ó ń sùn. Ìyá àgbà kọ̀. Ó ní: "Ìyá rẹ kò pè lónìí. N kò mọ ìdí rẹ̀. Inú mi kò dùn sí i, bóyá inú tìrẹ náà kò dùn. A ó jọ pè é lọ́la." Ọmọ náà jókòó tì í nídìí ààrò, kò sọ nǹkan kan títí ọbẹ̀ fi jinná. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbọ́ pé wọ́n fi iṣẹ́ òru kún iṣẹ́ ìyá rẹ̀, tí oorun sì gbé e lọ. Ọmọ náà kọ́kọ́ bá a wí dáadáa lórí fóònù, ìyá rẹ̀ sì ń tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ fún un pé eyín òun kan ti yọ, pé òun sì ti jù ú sórí òrùlé.